Ìgbà mẹ́rin la dágbére fún Màámi

Ní oṣù kejì ọdún 2020, a pa màlúù kan àti àgbò méjì ní Ẹ̀pẹ́, a ta àtíbàbà dí òpópó wa, a sì dágbére fún ìyá mi pé wọ́n ń lọ sí Mẹ́kà. Wọn ò lọ. Ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́rin ló kọjá lórí màlúù yẹn kí ẹsẹ̀ ìyá mi tó tẹ ilẹ̀ Sáúdì. Èmi náà wà lára àwọn tó jẹ̀bi ọ̀rọ̀ ọ̀hún, torí náà kí n fẹnu ara mi sọ ọ́.

Ẹlẹ́ja ni Màámi. Ọjà ẹja Olúwo ni mo gbọ́njú bá wọn. Ẹni tó bá ti dé Olúwo láàárọ̀ mọ ohun tí mò ń sọ: ọ̀bọ̀kún tó ṣì ń mí, àrọ̀ nínú bàáfù, èpìyà, akàn tí wọ́n fi okùn dì bí ẹlẹ́wọ̀n, àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi lápá kan, àwọn ará Èkó tó wa mọ́tò wá lápá kejì, gbogbo wọn ń náà bí ẹni ń jà. Èéfín ẹja ló tọ́ àwa ọmọ mẹ́rin. Kò sí ọ̀kan nínú wa tí wọn ò fi òórùn aṣọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ rí nílé ìwé.

Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú ni Màámi ti ń dá owó Mẹ́kà sọ́wọ́ alájọ. Tí ọjà bá gbé wọn, wọ́n á fi kún un. Tí ọmọ bá fẹ́ lọ sílé ìwé, wọ́n á yọ níbẹ̀. Owó náà ń wọlé, ó ń jáde, bí omi ọ̀sà. Nílùú tiwa, ẹni tó ti lọ sí Mẹ́kà kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tí kò lọ. Àwọn tó bá Ọba Kòsọ́kọ́ wá sí Ẹ̀pẹ́ nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò l'Ékòó ní 1851, mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn ọmọ wọn là ń pè ní Èkó-Ẹ̀pẹ́ títí dòní, àwọn náà ló ń ṣe ọdún Káyókáyó láti fi rántí bí wọ́n ṣe tẹ̀dó. Ọmọ Èkó-Ẹ̀pẹ́ ni bàbá mi. Ìyá mi jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́, ṣùgbọ́n ilé kéú kan náà ni wọ́n jọ jókòó sí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí Àlàájà kan bá ti Mẹ́kà dé, a máa ń sáré lọ wo eyín góòlù ẹnu rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ata ló ń tà kó tó lọ. Tó bá ti dé, orúkọ ti yí padà nìyẹn, kò sẹ́ni tó tún gbọdọ̀ pè é ní Ìyá Aláta.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Jámánì ló wálé ní oṣù kejì 2020 yẹn. Ìgbà tó máa lọ, ó ní òun ò ní lè tún wálé tí Hájì bá tó, ní ìparí oṣù keje, torí náà ká ṣe ìdágbére nígbà tí òun ṣì wà nílẹ̀. Màámi ní rárá. Wọ́n ní, "Oyún ni Hájì mi, ẹ sì ti fẹ́ sọ ọ́ lórúkọ." A rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo yan lẹ́ẹ̀sì tí gbogbo ẹbí rà. Èmi ni mo lọ tẹ abọ́ rọ́bà ọgọ́rùn-ún méjì, tí wọ́n kọ "Ẹ bá wa dúpẹ́, Hájì 2020" sí lára. Àfáà wáàsí, àwọn ìyá asàlátù kọrin, wọ́n gbé gbohùngbohùn fún Màámi pé kí wọ́n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ èèyàn, bí arìnrìn-àjò ṣe máa ń ṣe. Wọ́n ní, "Ẹni tí mo bá ṣẹ̀, ẹ fi jì mí." Gbogbo àtíbàbà pariwo pé, "A ti fi jì yín o!" Ẹni tó ń jẹran lọ́wọ́ náà wà lára àwọn tó pariwo. Ìṣẹ́jú kan ò pé, gbogbo ẹ̀ ti parí.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe ìyá mi ní Àlàájà.

Kí oṣù kẹta tó jálẹ̀, kòrónà ti sé gbogbo wa mọ́lé. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà, ìjọba Sáúdì kéde pé kìkì ìba àwọn díẹ̀ tó ti ń gbé lọ́dọ̀ wọn ló máa ṣe Hájì ọdún náà. Mo rò pé ohun tó máa dun Màámi jù ni owó tí wọ́n ti san. Kì í ṣe owó. "Àlàájà" yẹn ni. Tí wọ́n bá ń kọjá, àwọn ọmọdé á kí wọn bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, àwọn àgbà kan á sì fi ẹ̀rín sí i lẹ́nu. "Àlàájà, ẹ kú àbọ̀ o, omi sámúsámù wa dà?" Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìnkùlé lọ sọ́jà. Bí ẹ bá pè wọ́n ní Àlàájà, wọn ò ní dáhùn, ẹ ó ṣebí etí wọn ló di.

Abọ́ rọ́bà wa sì wà nílé gbogbo èèyàn. Kò sí ilé tí Màámi wọ̀ ládùúgbò tí wọn ò ti rí "Hájì 2020" tó ń bu omi.

Lọ́dún 2021, a ti gbọ́n díẹ̀. Ìyá asàlátù mẹ́wàá, ìrẹsì ìkòkò kan, àdúrà, ó parí. Oṣù kẹfà tún dé, Sáúdì tún ní àwọn 60,000 tó wà nílé làwọn máa mú. Ìdágbére kejì nìyẹn. Lọ́dún 2022, wọ́n ṣílẹ̀kùn fún mílíọ̀nù kan èèyàn, inú wa dùn, àbúrò mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún ayọ̀ lórí fóònù, èmi náà ti fi fóònù sọ "ó dàbọ̀" àkọ́kọ́ mi, ni wọ́n bá fi àlàyé tì í pé ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 65 nìkan ni. Páásípọ́ọ̀tù Màámi sọ pé ọmọ 66 ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀ níbí. Kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí wọ́n bí ìyá mi. Wọ́n ní nígbà tí òmìnira dé ní 1960, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́ ni. Ẹni tó bá mọ ìṣirò á mọ̀ pé ọmọ bẹ́ẹ̀ kò lè ju ọmọ ọdún méjì lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n lọ búra fún ọjọ́ orí, ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa ló jẹ́rìí, ó sì fi 1956 dá wọn lọ́lá, ó ní àgbà kì í bu ẹ̀tẹ́ lu èèyàn. Ọlá yẹn ló já wọn sílẹ̀ lọ́dún 2022. Ìgbà tí mo sọ fún bàbá náà, ó ní, "Ṣé mo mọ̀ pé Lárúbáwá á máa ka ọjọ́ orí arúgbó ni?"

Lọ́dún 2023, wọ́n mú òfin ọjọ́ orí kúrò. Owó Hájì l'Ékòó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù mẹ́ta náírà, bíi ìlọ́po méjì èyí tí Màámi san ní 2020. Ogun tún bẹ́ sílẹ̀ ní Sùdáànì ní oṣù kẹrin, wọ́n ti ojú òfuurufú ibẹ̀ pa, àwọn bàlúù ní láti yí gba ọ̀nà tó jìn, ọ̀rọ̀ àfikún owó tún dé. Mo lọ yá owó níbi àjẹsẹ́kù ilé iṣẹ́ wa, mo gbé e fún Màámi tẹ̀ríntẹ̀rín. Wọ́n bi mí bóyá owó oṣù mi ni. Mo sọ òtítọ́. Wọ́n tì í padà sí mi lọ́wọ́. "Gbèsè tìẹ ni kí n gùn dé Káábà?" Ẹ̀gbà ọwọ́ góòlù méjì tí bàbá wa rà fún wọn ni wọ́n tà.

Ẹ̀kọ́ tí àfáà ń kọ́ àwọn arìnrìn-àjò ló fa gbogbo ohun tó tẹ̀lé e. Ó sọ fún wọn pé kí èèyàn tó kó aṣọ sápò, kó kọ́kọ́ san gbèsè, kó dá ohun olóhun padà, kó tọrọ àforíjì, kó sì kọ ohun tí wọ́n máa ṣe sílẹ̀ bí kò bá padà. Màámi kò lọ sílé ìwé òyìnbó, ṣùgbọ́n lẹ́tà kéú ni wọ́n fi ń kọ Yorùbá. Ìwé gbèsè ọjà wọn, láti ọ̀tún ló ti ń lọ sí òsì, àwa ọmọ ò lè kà á. Wọ́n jókòó sí ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ méjì, wọ́n ń ṣí i léwé léwé, wọ́n ń fi bírò pupa fàlà sábẹ́ àwọn kan. Mo ti ń rò pé kò lè ju ènìyàn mẹ́ta lọ. Wọ́n kà á: mẹ́tàdínlógún.

Mo gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan níbi iṣẹ́ kí n lè máa fi mọ́tò gbé Màámi kiri. Bàbá kan wà ní Àgbọ̀wà tó gbé apẹ̀rẹ̀ àrọ̀ kan fún wọn láwìn, ó kú kí wọ́n tó san. A wá ọmọ rẹ̀ kàn níbi tó ti ń ṣe fọkanáísà. Ìgbà tí Màámi ń ka owó sí i lọ́wọ́, ọmọ náà ò mọ ohun tó máa sọ, ó ṣáà ń nu ọwọ́ tó ti dọ̀tí mọ́ ṣòkòtò. Obìnrin kan wà tí wọ́n fi òṣùwọ̀n tó ní kọ̀rọ̀ tà fún lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí wọ́n ṣì ń bá ẹlòmíràn tà. Òun fúnra rẹ̀ ti gbàgbé pé òun ra ẹja rí.

Èyí tó le jù ni ti ìyá alákàn. Àtẹ wọn kọjú síra l'Ólúwo, wọn ò sì bára wọn sọ̀rọ̀ fún ọdún mọ́kànlá. Oníbàárà kan ló dá a sílẹ̀, ẹnì kan tó máa ń ra ẹja gbígbẹ lọ sí Ìbàdàn. Màámi sọ pé ìyá alákàn ló gbà á lọ́wọ́ òun. Ìyá alákàn ní Màámi ló gbà á lọ́wọ́ òun. Ní tèmi, oníbàárà yẹn á ti máa ra ẹja níbòmíràn báyìí.

A dé ibẹ̀ nígbà tí ọjà ti ń tú. Ìyá alákàn dàgbà ju Màámi lọ, torí náà Màámi kúnlẹ̀, lórí ilẹ̀ tó tutù, pẹ̀lú ìbòrí funfun. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n, mò ń lọ sí Mẹ́kà. Ẹ fi jì mí."

Ìyá alákàn ò tilẹ̀ wò wọ́n dáadáa. Ó ní, "Dìde ńlẹ̀. Kò sí nǹkan."

Mo ti na ọwọ́ láti fà wọ́n dìde. Ọ̀rọ̀ ti parí lójú tèmi. Màámi ò dìde. Wọ́n ní, "Ẹ má sọ pé kò sí nǹkan. Ó wà. Ọdún mọ́kànlá kì í ṣe kò sí nǹkan. Tẹ́ ẹ bá fi jì mí, ẹ sọ pé ẹ fi jì mí. Tẹ́ ò bá tíì lè fi jì mí, ẹ sọ, kí n mọ bí mo ṣe máa bẹ̀ yín."

Ọwọ́ mi wà níbi tí mo nà án sí. Kò sí ìró kankan àfi ti àwọn akàn tó ń fi èékánná họ apẹ̀rẹ̀. Ìyá alákàn wá ń wò wọ́n wàyí. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló jókòó sórí àpótí, bíi pé orúnkún rẹ̀ ló kọ̀ ọ́, ó ní, "Nígbà tí ọkọ mi kú, o ò wá kí mi." Màámi ní, "Mi ò wá." Ó ní, "Ìyẹn ló dùn mí. Kì í ṣe oníbàárà." Màámi tún ní, "Mi ò wá. Mo ṣe é." Ìgbà yẹn ló tó sọ ọ́: "Mo fi jì ọ́. Ìwọ náà fi jì mí." Ó wá ní kí wọ́n bá òun dárúkọ ọmọ ọmọ òun kan ní Àráfà, pápá tí àwọn tó ń ṣe Hájì ti ń tọrọ àdúrà, ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dùn ún.

Mo ronú lé "kò sí nǹkan" yẹn títí a fi délé. Àwa Yorùbá fẹ́ràn rẹ̀. Èèyàn á bẹ̀ wá, ojú á tì wá láti rí i lórí ìkúnlẹ̀, a ó sáré sọ pé kò sí nǹkan, kò tó nǹkan, ẹ má ṣèyọnu. A rò pé oore là ń ṣe fún un. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀, àwa la tilẹ̀kùn mọ́ ọn, ẹrù tó gbé wá ló tún gbé padà lọ. Lábẹ́ àtíbàbà ọdún 2020, igba èèyàn ló pariwo pé wọ́n ti fi jì wọ́n, ìyá alákàn ò sí níbẹ̀ pàápàá, a ò pè é.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Màámi pè mí sí yàrá. Ìwé gbèsè wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní orúkọ kan ṣẹ́kù. Wọ́n fi ìka tọ́ ọ, mi ò lè ka kéú dáadáa, ṣùgbọ́n mo mọ orúkọ ara mi.

Ọdún 1998 ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé ìwé girama, mo ti ń tọ́jú owó sínú kóló fún ìdánwò tí mo fẹ́ ṣe: owó ẹja tí mo yan, owó tí mo fi ń dirun fún èèyàn, 1,500 náírà. Bàbá wa ń ṣàìsàn lọ́wọ́. Mo délé lọ́jọ́ kan, kóló ti fọ́. Màámi ti fi owó náà ra ẹja láti tà, kí wọ́n lè rí owó oògùn. Ẹja náà ò tà. Mi ò ṣe ìdánwò yẹn, odidi ọdún kan ni mo fi yan ẹja kí n tó rí owó míràn. Wọ́n bẹ̀ mí nígbà náà, mo ní kò sí nǹkan. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni mo fi ń sọ pé kò sí nǹkan, tí ohùn mi sì máa ń le díẹ̀ tí wọ́n bá ti dárúkọ owó.

Wọ́n fa ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà mẹ́ta yọ. "Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ nìyí. Mo mọ̀ pé kò lè ra orí ọ̀bọ̀kún kan lónìí. Ṣùgbọ́n iye tí mo mú nìyẹn. Ohun tó bá lé lórí ẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ni mo ní."

Ó ti dé ẹnu mi. Kò sí nǹkan, Màámi. Mo gbé e mì. Mo ní, "Ó dùn mí, Màámi. Ó ṣì máa ń dùn mí nígbà míràn. Mo fi jì yín." Mo gba owó náà. Wọ́n mí kanlẹ̀ bí ẹni tó sọ agbọ̀n kalẹ̀ láti orí.

Èmi náà wá ní nǹkan tí mo fẹ́ bẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n fún ọdún 2020: lẹ́ẹ̀sì, abọ́, Àlàájà. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ dójú tì mí. Mo fi jì yín." Èmi tí mo rò pé wọ́n á ní kò sí nǹkan!

Ọ̀rọ̀ tó kù la jà lé lórí. Wọ́n sọ bí a ṣe máa pín ilé, ẹni tó máa gba àtẹ ọjà. Wọ́n ní tí Ọlọ́run bá pe àwọn níbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n máa sin àwọn sí, ká má ṣe bá ẹnikẹ́ni jà pé kí wọ́n gbé òkú wálé. Àbúrò mi pariwo, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Èmi náà fìka dí etí. A ò fẹ́ gbọ́; a rántí ọdún 2015, ìjàǹbá ìtẹ̀pa tó ṣẹlẹ̀ níbi Hájì ní Mínà, lẹ́bàá Mẹ́kà, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà bá a lọ. Màámi dákẹ́ títí a fi parí ariwo, wọ́n sì tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, nígbà tí ìròyìn dé pé ooru wà lára ohun tó mú ẹ̀mí èèyàn tó lé ní 1,300 lọ níbi Hájì 2024, mo wá mọ̀ pé bó bá jẹ́ ọdún tiwọn ni, àwa á kàn jókòó láìmọ ohun tí wọ́n fẹ́, torí pé a fìka dí etí.

Ọjọ́ ìrìn-àjò kò ní ariwo. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má sè ju ti ilé lọ. Wọ́n ki ìrun rákà méjì kí wọ́n tó jáde nínú ilé. Àfáà ti kọ́ wa ní ohun tí a máa wí, èyí tí Ànábì fi máa ń dágbére fún arìnrìn-àjò, mo sì sọ ọ́ ní Yorùbá, torí pé Lárúbáwá ò gùn lẹ́nu mi: "Mo fi ẹ̀sìn yín, àgbàfipamọ́ yín àti ìkẹyìn iṣẹ́ yín sí ìkáwọ́ Ọlọ́run." Màámi náà dáhùn pé, "Mo fi yín sí ìkáwọ́ Ọlọ́run, Ẹni tí ohun tí a bá fi pamọ́ sí I lọ́wọ́ kì í sọnù." Wọ́n gbé ọwọ́ lé wa lórí lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí ẹni tó dàgbà jù dé orí ọmọ ọmọ tó ń sùn lọ́wọ́. Ibẹ̀ gan-an la ti dágbére, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò mọ̀ nígbà náà. Mo ṣì ń fi tèmi pamọ́ de pápákọ̀ òfuurufú.

A gba Ìtòíkìn já sí Ìkòròdú, a dé Ìkẹjà. Ẹni tó bá máa mú ìyá rẹ̀ lọ, ẹ fetí sí èyí: ẹ wọn ẹrù nílé. A ti wọn tiwa, ṣùgbọ́n Màámi ti jí ẹja gbígbẹ kún un lóru, nítorí pé ẹlẹ́ja ò lè lọ sí ìlú onílùú kó má gbẹ́ja dání. Ó lé ní kílò 32 tí wọ́n fún wọn. Ojú gbogbo èèyàn la ti tú àpótí, òórùn Olúwo gba gbogbo ibẹ̀ kan, obìnrin kan lẹ́yìn wa ní, "Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́ ti dé." Mo mú ẹja kúrò, mo fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sínú àpò ọwọ́ wọn dípò kó wà nínú àpótí tó lè sọnù, mo tún tú àpò wò bóyá obì wà níbẹ̀, torí pé wọ́n ti kìlọ̀ fún wọn. Obì mẹ́ta wà níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò mọ ẹni tó fi í síbẹ̀.

Lẹ́yìn ẹnu géètì, ará ilé ò gbọdọ̀ wọlé mọ́. Mo ti ń múra sílẹ̀ láti dì mọ́ wọn, láti sọ̀rọ̀ gidi kan, ṣùgbọ́n ìlà ń sún, ẹnì kan ń pariwo pé kí wọ́n yára, Màámi sì ti wọlé. Gbogbo àwọn obìnrin ló wọ aṣọ kan náà, aṣọ ìpínlẹ̀ wa, ìbòrí kan náà. Mo rí ẹ̀yìn wọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í juwọ́, mo ń pè, "Màámi! Ẹ má gbàgbé oògùn o! Ó dàbọ̀ o!" Ìyá náà yíjú padà. Kì í ṣe Màámi. Ìyá ẹlòmíràn ni. Ó wò mí díẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Ó dàbọ̀, ọmọ mi. Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ." Mi ò rí Màámi mọ́.

Mo sunkún nínú mọ́tò títí dé Máìlì 12. Mo rántí pé wọ́n ti gbé ọwọ́ lé mi lórí láàárọ̀.

Mẹ̀dínà ni wọ́n kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí. A ti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ju bó ṣe yẹ lọ: wákàtí méjì ni wọ́n fi ṣáájú wa, torí náà aago mẹ́ta òru wa ni ọ̀rọ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ooru, nípa ilẹ̀ mọ́sálásí tó tutù lábẹ́ ẹsẹ̀, nípa obìnrin kan láti Indonéṣíà tí wọn ò gbọ́ èdè ara wọn ṣùgbọ́n tí wọ́n jọ ń jẹ dàbínù. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ mo yé pè wọ́n. Mo rí i pé gbogbo ìgbà tí mo bá pè, ìbéèrè nípa ilé ni mò ń fà wọ́n padà sí: tani kó mú kọ́kọ́rọ́, ẹja mélòó ni ká rà. Tí wọ́n bá fẹ́, wọ́n á pè.

Ọjọ́ Àráfà bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27 oṣù kẹfà. Àwa tó wà nílé gba ààwẹ̀. Lọ́sàn-án, ohùn kan wọlé. Ariwo èèyàn pọ̀ nínú rẹ̀, ohùn Màámi ti há. Orúkọ ni wọ́n ń kà, kò sí ohun míràn. Àwọn ọmọ ọmọ, àwọn asàlátù, bàbá tó fi ọdún kún ọjọ́ orí wọn, ọmọ fọkanáísà ní Àgbọ̀wà. Mo gbé fóònù lọ sí Olúwo kí n fi han ìyá alákàn. A tẹ́tí sí i papọ̀ láàárín ariwo ọjà. Ìgbà tó kan orúkọ ọmọ ọmọ rẹ̀, ó ní kí n dá a padà. A dá a padà lẹ́ẹ̀mẹrin.

Iléyá tó bọ́ sí ọjọ́ kejì Àráfà jẹ́ ọdún àkọ́kọ́ tí èmi pín ẹran. Mo gbàgbé ilé méjì.

Lọ́jọ́ tí Màámi dé, àwa ọmọ ò ta àtíbàbà. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò pẹ̀lú ike omi sámúsámù lítà márùn-ún mọ́ àyà, wọ́n gbẹ, wọ́n sì dúdú díẹ̀. Ìyá kan lójúde kọjú sí wa, ó pariwo, "Àlàájà!" Èmi àti àbúrò mi wo ara wa. Màámi dúró. Wọ́n yíjú sí i, wọ́n ní, "Ẹ kú ilé o." Lẹ́yìn náà ni wọ́n wọlé, wọ́n gbóòórùn afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n bèèrè ẹni tó jẹ́ kí ẹja jóná lórí ààrò.